Kí O Tó So Yìgì Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ṣàngó ní Kwara níbí, tí ẹ máa ń jiyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bóyá ìyàwó kan ni kí ọkùnrin fẹ́ tàbí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ìyàwó kejì ni mo jẹ́ nílé ọkọ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọkọ wa kì í ra búrẹ́dì kan wọlé. Méjì ni, ọgbọọgba, ti ìyáálé mi á sì kọ́kọ́ wọ yàrá rẹ̀ kí n tó rí tèmi. Ọjọ́ méjì-méjì la fi ń gba oúnjẹ sè. Síbẹ̀ a jowú; obìnrin tó bá ní òun kì í jowú orogún, irọ́ ló ń pa. Súrà An-Nisá yọ̀ǹda títí dé mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ti ní kí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ò ní lè ṣe déédéé dúró sórí ẹyọ kan. Apá àkọ́kọ́ nìkan lẹ há sórí. Ẹni tó ń gbé yàrá kan, tó jẹ owó iléèwé ọmọ, kí ló fẹ́ fi mẹ́rin ṣe?

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, nínú ogún Ìsìláàmù, bí ọkọ bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó. Bí wọ́n bá pé mẹ́rin, ìdá kan yẹn náà ni wọ́n jọ máa pín. Nínú dúkìá mílíọ̀nù 16 náírà, ìyàwó kan ṣoṣo á gba mílíọ̀nù 2. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún 500 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti kọ́ọ̀tù. Ẹ ti so yìgì tán, ẹ tún lọ fọwọ́ síwèé nítorí físà. Òfin ìgbéyàwó tó ti wà láti 1914 ni ẹ fọwọ́ sí yẹn, ọkùnrin kan sí obìnrin kan sì ni. Èyí tó o bá tún gbé lé e, òfin yẹn ò mọ̀ ọ́n níyàwó, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ìwé. Wọn kì í sábà mú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún ni ìwé náà máa ń yọjú.

Àwọn kan ní kí ìjọba kúkú fòfin de fífẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin ẹbí ti 2004 ní ọkọ kan aya kan nìkan ni òun mọ̀. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣì ń fẹ́ méjì, obìnrin kejì ni kò rí ìwé dì mú. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ ní Kwara.

Ní tèmi, ẹyọ kan ti tó fún ọ̀pọ̀ yín. Ẹni tó bá rò pé òun lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyáálé kí aládùúgbò tó bá a sọ ọ́. Ìwọ ọmọbìnrin, bi ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ níwájú ẹbí kí wọ́n tó so yìgì: ṣé ó ti fọwọ́ síwèé kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ẹlòmíì rí?