Ọdún Kejì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣírò

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 18, ti yege nínú WAEC, ó ní Ìlú Ọba lòun fẹ́ lọ kàwé. Yunifásítì kan ti gbà á, £16,000 lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin, ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní foundation sì wà nínú rẹ̀. Ejẹ́ǹtì ń pè wá lójoojúmọ́ pé kí a tètè san owó àsansílẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ mi, aṣọ ni èmi ń tà ní Gbági. Ilé wa kan wà ní Ológunẹ̀rú tí ayálégbé mẹ́rin ń gbé, ẹnì kan sì ti ní òun yóò rà á ní ₦60 mílíọ̀nù. Àbúrò ọkọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a lo owó tó wà ní àkáǹtì òun fún físà. Ọmọ ní bí òun bá ti débẹ̀, òun á ṣiṣẹ́ san ìyókù. Ṣé kí a ta ilé náà? (Ìyá Àkọ́bí, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú oríire èsì ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ilé yẹn.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ £16,000. Owó oúnjẹ àti ibùgbé fún oṣù mẹ́sàn-án tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí físà, ní kí ẹ fi hàn ju £10,000 lọ, bí kò bá tilẹ̀ ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ. Owó ìlera jẹ́ £776 fún ọdún kan, àmọ́ wọn kì í gbà á lọ́dọọdún. Gbogbo iye ọdún tí físà yóò jẹ́ ni wọ́n ń gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí físà tó jáde, nítorí náà ọdún mẹ́rin á lé ní £3,000. Bí a bá ka pọ́n-ùn kan sí ₦2,000, gbogbo rẹ̀ ti ń lọ sí ₦60 mílíọ̀nù kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Owó ilé tán ní ọdún kìíní nìyẹn. Ó ku ọdún mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbà ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ayálégbé tí yóò máa sanwó fún yín mọ́.

Ọdún kejì yìí ni mo ń bẹ̀rù fún yín. Òbí a máa ta ohun ìní, ẹbí a máa dáwó, ọdún kìíní á sì bọ́ sí i. Bí owó ọdún kejì kò bá wọlé lásìkò, ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ orúkọ ọmọ kúrò, dandan sì ni kí wọ́n fi tó Home Office létí, tí físà yóò sì di gígé kúrú. Náírà náà tún lè já yín kulẹ̀: kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báǹkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Owó tí àwọn òbí kan ti ṣù jọ fún ọdún méjì kò wá tó ọdún kan mọ́. Lọ́dún 2024 yẹn náà ni ìròyìn gbòde pé yunifásítì kan ní àríwá England yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò rí owó san bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Iṣẹ́ tí ọmọ ń sọ kò lè gbé ẹrù yìí. Ẹni tó ń ka digírì lè ṣiṣẹ́ fún ogún wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Bó bá jẹ́ ọdún ìpìlẹ̀ nìkan ni físà rẹ̀ wà fún, wákàtí mẹ́wàá ni. Fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, ogún wákàtí á mú nǹkan bí £200 wá lọ́sẹ̀, bí ó bá tètè ríṣẹ́. Á fi jẹun, á fi wọkọ̀, kò lè fi san £16,000. Bó bá sì ṣiṣẹ́ kọjá iye tí òfin gbà, ó lè pàdánù físà.

Àbúrò ọkọ yín ṣeun, ṣùgbọ́n owó àkáǹtì rẹ̀ kò wúlò níbí. Àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀, ti òbí, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ni wọ́n ń gbà. Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko. Bí ẹ bá fa owó díẹ̀ yọ lọ́dọ̀ oníPOS lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, tí ohun tó kù sì wá dín sí iye tí wọ́n béèrè, ọjọ́ kìíní ni ẹ óò ti tún bẹ̀rẹ̀ sí kà. Pọ́n-ùn ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí náírà bá já wálẹ̀ láàárín kan, owó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lè má tó mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ó lé dáadáa. Àwọn kan wà tó ń yáni ní irú owó yìí pẹ̀lú èlé, àwọn mìíràn ń ṣe ìwé báǹkì ayédèrú. Ẹ sá fún méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó parọ́ nínú ìwé físà lè máà tún fojú kan Ìlú Ọba fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ti ejẹ́ǹtì, ilé-ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń sanwó fún wọn lórí ọmọ tí wọ́n bá mú wá. Kò burú, àmọ́ òun kọ́ ni yóò bá yín san owó ọdún kejì. Home Office ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó láṣẹ láti gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé láti wò; ẹ fúnra yín wò ó bóyá yunifásítì yìí wà níbẹ̀. Bí ẹ óò bá sì sanwó rárá, àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó lọ tààrà.

Ohun kan sì wà tí n kò rí nínú lẹ́tà yín: kí ni ọmọ fẹ́ kà? Bó bá jẹ́ ìṣègùn, tó sì padà wálé, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà láṣẹ ní Nàìjíríà, kó tó lè ṣiṣẹ́ dókítà. Bó bá jẹ́ òfin, ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń pè ní Bar Part I ń dúró dè é ní Law School ilẹ̀ wa. Ẹ bi í.

Bí kò bá fẹ́ gbàgbé Ìlú Ọba, kí ó ṣe A-level níbí, tàbí kí ó wọ yunifásítì níbí, kó ka ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ń gba ọ̀kan nínú méjèèjì dípò ọdún ìpìlẹ̀, digírì á sì di ọdún mẹ́ta. Èyí tí èmi fara mọ́ jù ni pé kí ó gba digírì rẹ̀ nílé, kó wá lọ ṣe Master's, tí kì í sábà ju ọdún kan lọ. Orí Master's yìí ni ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó ń san gbogbo owó wà. Chevening, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Ìlú Ọba, ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ti bàálù àti ti oúnjẹ fún ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn digírì. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ẹ gbé ìṣirò yìí síwájú ọmọ, kí bàbá rẹ̀ jókòó tì í, kí òun fúnra rẹ̀ mú bírò kó sì rò ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ bóyá owó ọdún kejì lè gòkè, bóyá wọ́n ń gbà á díẹ̀díẹ̀, àti iye tí wọn yóò dá padà nínú owó àsansílẹ̀ bí físà kò bá jáde. Ejẹ́ǹtì lè máa pè, ẹ má san kọ́bọ̀ títí ìdáhùn yẹn yóò fi dé.