Ìbéèrè 10 fún Aboyún àti Ìyá Ọmọ Tuntun



Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú, tí ẹ bá kó òwú dé ọjà, ṣé ojú lẹ fi ń mọ iye kílò rẹ̀? Rárá o, òṣùwọ̀n ni. Ṣùgbọ́n tí ìyá ọmọ tuntun bá jókòó tí kò sọ̀rọ̀, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹnìkan á ní ọ̀lẹ ni, ẹlòmíràn á ní ó ń ṣe fọ́ńté sí ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ tó ti di àìsàn náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Lọ́dún 1987, John Cox, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky gbé e jáde, wọ́n fi orúkọ ìlú Edinburgh ní Scotland pè é. Ìbéèrè 10 ni, lórí bó ṣe rí lára obìnrin láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá. Ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí? Ṣé ẹ̀rù ń bà á? Ṣé ó ń sunkún? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba àmì láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 30 lọ.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn ò béèrè bóyá ó rẹ̀ ẹ́, torí aboyún wo ni kì í rẹ̀? Wọ́n béèrè oorun, ṣùgbọ́n àìsùn tí ìbànújẹ́ fà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ti ẹkún ọmọ. Tí ọmọ bá ti sùn, tí ojú ìyá ṣì là sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ má pè é ní àìsàn òyìnbó. Ní Iléṣà, ní Nàìjíríà, Dókítà Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ obìnrin 876 wò ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2005. Nínú obìnrin 100, bíi 15 ló ní in.

Àmì tó pọ̀ kì í ṣe ìdájọ́ o. Ní Scotland, 13 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ní Nàìjíríà, àwọn olùwádìí kan rí i pé 9 ló bá àwọn obìnrin ibẹ̀ mu. Torí náà, ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí tàbí dókítà ṣe é. Kí wọ́n bi obìnrin náà ní èdè rẹ̀, kó wà lóun nìkan. Tí ìyá ọkọ bá ń túmọ̀ Faransé fún un, "dáadáa ni" la ó máa gbọ́.

Ẹkún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ìtọ́jú wà: ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ìrànlọ́wọ́ nílé, àti oògùn tó bá yẹ.

Ìbéèrè kẹwàá ló wúwo jù: ṣé ó ti ro ó rí láti pa ara rẹ̀ lára? Bíbéèrè kọ́ ló ń gbé èrò náà síni lọ́kàn. Tó bá dáhùn pé òun rò ó, kódà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró ka àmì yòókù. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá gba kẹ́ ẹ dé Atakpamé, ẹ lọ.

Ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jíròrò:
1. Kí la máa ń sọ nípa ìyá ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́?
2. Ta ló lè gbọ́mọ fún un kó sùn?
3. Lóru, ta ló ní ọ̀kadà tó lè gbé e lọ?

Ó dìgbà kan ná o.