Bí A Ti Ń Díwọ̀n Ọ̀rá Ara Ọmọ Tí Ń Sáré Ìje

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, a fi mí ṣe alábòójútó eré ìdárayá. Mo wí fún ọmọkùnrin kan lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rá ni kò jẹ́ kí ó lè sáré. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ oúnjẹ àárọ̀, títí òòyì fi gbé e ṣubú lórí pápá. Èmi kò wọn ohunkóhun lára rẹ̀. Ojú lásán ni mo fi dá a lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí mo fi wá ọ̀nà tí ó yẹ.

Kí a gbé ọmọ lé orí òṣùwọ̀n nìkan kò tó, nítorí òṣùwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá, iṣan, egungun àti omi. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ pọ̀ lè wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ọ̀rá rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọ̀rá ara wà lábẹ́ awọ, a sì lè fi kálípà, irinṣẹ́ tí ó dàbí ẹ̀mú, wọn bí ó ti nípọn tó.

Èkíní, ẹ wọn apá ọ̀tún láti ṣóńṣó ejìká dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì sàmì sí agbedeméjì rẹ̀ ní ẹ̀yìn apá. Èkejì, ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbé awọ àti ọ̀rá sókè níbẹ̀, láìmú iṣan mọ́ ọn. Ẹ fi kálípà mú un, kí ẹ sì ka iye rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe bákan náà ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ ọ̀tún, nísàlẹ̀ orúnkún, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti tóbi jù.

Ní ọdún 1988, Slaughter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde fún àwọn ọmọdé. Fún ọmọkùnrin, ẹ ro iye méjèèjì pọ̀, ẹ fi 0.735 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1 kún un. Fún ọmọbìnrin, ẹ lo 0.610, kí ẹ sì fi 5.1 kún un. Bí apá ọmọkùnrin kan bá jẹ́ mìlímítà 8, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 9, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Ìdáhùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 13.5 nínú 100. Bí ọmọ náà bá wúwo tó kílò 50, ọ̀rá rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 6.75 lọ.

Ẹ rántí pé ìdíwọ̀n ni èyí: ó lè fi ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yà sí òtítọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀rá kì í ṣe ọ̀tá. Ní ìparí ọdún 1997, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ń ja ìjàkadì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà kú, nítorí tí wọ́n fi ipá dín ìwúwo ara wọn kù kíákíá. Lónìí, òfin ìjàkadì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì níbẹ̀ kò gbà kí ọmọkùnrin sọ ọ̀rá rẹ̀ kalẹ̀ ju 7 nínú 100 lọ, tàbí ọmọbìnrin ju 12 lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan náà máa wọn ọmọ kan náà láti oṣù dé oṣù, ní ìkọ̀kọ̀, kí a má sì ka iye ẹnikẹ́ni sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni a fi lé wa lọ́wọ́.