Ojú Àlejò La Ti Ń Jẹ Gbèsè

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ọ̀rọ̀ ìnáwó lórí àlejò làwọn àgbà fi òwe yìí ń sọ, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ èyí tó bá iṣẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn òwò mu jù ú lọ. Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá láti Ìlọrin tàbí Èkó yóò sọ tiẹ̀ tán, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò wọkọ̀ padà. Obìnrin oníṣòwò tó gbà á lálejò ní Òmù-Àrán, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ni yóò jí lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì, láàárín àwọn tó mọ ilé tí wọ́n ti bí i, tí wọ́n mọ ilé ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì mọ ìgbà tí àjọ kàn án. Bí ìmọ̀ràn náà bá di gbèsè, òun nìkan ni yóò san án. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gba oníṣòwò ní ìmọ̀ràn tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lè tẹ̀ lé, ká ní ìlú yẹn ni yóò máa sùn, tí yóò máa jí.

Wọ́n tún ní àlejò lójú, kò fi í ríran. Ẹ mú ìyá kan tó ń ta ìrẹsì, gààrí àti epo pupa. Agbaninímọ̀ràn ṣí ìwé rẹ̀, ó rí àwìn tí àwọn olùkọ́ kó títí di ìparí oṣù, àti èyí tí àwọn àgbẹ̀ kó títí di ìgbà ìkórè. Ó rí èènì tí ìyá ń bù lé kóńgò. Ó rí owó òkú, owó ìkómọjáde, owó ẹgbẹ́. Ó fi gègé pupa fà wọ́n láti òkè dé ilẹ̀: àdánù! Bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó ń kó àwìn yẹn kì í kọjá ṣọ́ọ̀bù ìyá lọ sí ti ẹlòmíràn nígbà tí owó bá dé ọwọ́ rẹ̀. Èènì ni ìpolówó ìyá. Kò san kọ́bọ̀ fún rédíò. Ní ti owó òkú, lọ́jọ́ tí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, kò sí báńkì tí yóò dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn tí ìyá ti bá sọ̀fọ̀ rí. Ìwé ìṣirò pè é ní ìnáwó, ṣùgbọ́n owó ìfipamọ́ ni lójú ẹni tó ni ín.

Mi ò sọ pé kí agbaninímọ̀ràn máa kan sáárá sí gbogbo rẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pe ìtìjú ní àṣà. Bí àbúrò ọkọ bá ń wọ ṣọ́ọ̀bù gbé ìrẹsì lóṣooṣù láìsanwó, òwò ń kú lọ nìyẹn, ẹni tó gbowó láti sọ òtítọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ibi tí yóò ti sọ ọ́ àti bí yóò ṣe sọ ọ́ ló kù. Kì í ṣe níwájú ọmọ iṣẹ́, kì í ṣe níwájú ọmọ bíbí inú ìyá, kì í sì í ṣe lórí ìdúró. Kí ó jókòó, kí ó fi ẹ̀bẹ̀ ṣíwájú ọ̀rọ̀: “Màmá, ẹ má bínú o, ọmọ yín ni mí. Mo rí nǹkan kan nínú ìwé yìí, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká ya iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ẹbí. Tó bá ti tán, ẹ ní ìwé ló sọ pé ó tán.” Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ́rìn-ín, torí ó lè ti pẹ́ tó ti ń wá àwáwí gidi. Bí ti àwìn náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ní kí wọ́n fòpin sí i pátápátá kò mọ ọjà. Kí wọ́n kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n fi ààlà sí ohun tí ẹnì kan lè kó. Kí ẹni tí kò tíì san ti àná má sì kó tòní.

Ọ̀rọ̀ èlé tún wà. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà, orúkọ ẹni nìkan kò sì tó láti fi mọ ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ gbà. Ẹni tó ní òun kò gba èlé, òun kò sì san án, kò ya òpè. Jaiz Bank ti ń ṣiṣẹ́ láìsí èlé ní Nàìjíríà láti ọdún 2012, TAJBank sì tẹ̀ lé e ní 2019. Dípò kí irú báńkì bẹ́ẹ̀ yá ìyá ní owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, yóò ra ẹ̀rọ náà, yóò sọ iye tó rà á àti èrè tó fẹ́ jẹ lórí rẹ̀, yóò sì tà á fún un ní iye tí kò ní yí padà, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn èyí lè wọ́n ju ẹ̀yáwó lásán lọ. Kí agbaninímọ̀ràn sọ ìyẹn náà, kí ó fi iye méjèèjì hàn án, kí ó wá panu mọ́. Wọn ò pè é wá tún ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe.

Ibi tí inú ti ń bí mi rèé: ó wà nínú àwọn agbaninímọ̀ràn tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà lójú, tó sì ń gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ayánilówó lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn irú wọn kì í yẹ̀: “Ẹ yáwó.” Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo òǹrajà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó orí fóònù kan ní Èkó nítorí bí wọ́n ṣe ń dójú ti àwọn onígbèsè. Irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ a kó nọ́ńbà inú fóònù ẹni, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀daràn ni. Ní ìlú ńlá, ojú á ti èèyàn, ó lè kó kúrò ládùúgbò. Ní ìlú tí alájọ, lémọ́ọ̀mù àti ìyá ọkọ ti wà nínú fóònù kan náà, òwò ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò fún un lọ́jà àwìn mọ́. Ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà rí tirẹ̀ ní 2010: àwọn obìnrin abúlé ń yáwó lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń fi ti ọ̀kan san ti èkejì, títí àwọn kan fi gba ẹ̀mí ara wọn kí ìjọba tó fi òfin ká ayánilówó lọ́wọ́ kò ní oṣù kẹwàá.

Ní ti àṣírí oníbàárà, òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àmọ́ àwọn àgbà ti ṣáájú òfin: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń gba oníṣòwò méjì nímọ̀ràn nínú ọjà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn méjèèjì mọ̀, kí ó má sì gbé iye tí ọ̀kan ń ra ọjà lọ́dọ̀ alágbàtà lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ti ìforúkọsílẹ̀ òwò lọ́dọ̀ àjọ CAC kò gba àlàyé púpọ̀. CAMA, òfin kọ́ńpìnnì ọdún 2020, gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di ọjà tí wọ́n ń tà. Aránṣọ tí orúkọ òwò lásán tó fún kò nílò kọ́ńpìnnì tí yóò máa náwó lé lórí lọ́dọọdún.

Ẹ tún wo Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà mìíràn, níbi tí ère òkúta tó lé ní 800 wà. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ìwé ìjọ CMS, ló jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́ nípa wọn ní 1933, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n dá mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Ó rọrùn fún agbaninímọ̀ràn láti sọ fún ọlọ́ṣẹ pé, “Ẹ lẹ àwòrán ère yìí mọ́ ọṣẹ yín, yóò tà.” Bóyá lóòótọ́ ni yóò tà. Ṣùgbọ́n ìlú ṣì ń bọlá fún àwọn ère wọ̀nyẹn, wọ́n ń ṣọdún wọn, abẹ́ àjọ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì wà. Ààfin àti mùsíọ́ọ̀mù ló yẹ kí ọlọ́ṣẹ kọ́kọ́ lọ, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé. (Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan ní àlejò làwọn ère náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Kí àwọn agbaninímọ̀ràn rò ó wò.)

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin náà ní ìbéèrè kan láti bi ẹni tó bá wá gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ tó sanwó: “Yàtọ̀ sí èmi, ta ló tún ń sanwó fún ọ lórí ọ̀rọ̀ yìí?” Ẹ ní kí ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì sin ín dé ibùdókọ̀.