Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òǹkàwé: Ta Ni Ènìyàn Ń Kọ Dáyárì Rẹ̀ Fún?

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan tí ó jẹ́ aránṣọ ní Òṣogbo fẹ́ mọ ohun tí ó ń mú ènìyàn kọ dáyárì láì dẹ́kun, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun ti bẹ̀rẹ̀ ti òun, tí òun sì pa á tì kí oṣù tó parí, ọkọ òun sì ń béèrè iye tí wọ́n ń san fún un.

Ìdáhùn: Dáyárì, èyí tí í ṣe ìwé tí ènìyàn ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti èrò ọkàn rẹ̀ sí pẹ̀lú ọjọ́ tí ó kọ ọ́, ní ohun mẹ́ta tí ó sábà máa ń ti ènìyàn sí i: ìfẹ́ láti gba ìyìn, ìfẹ́ láti sọ ẹrù ọkàn kalẹ̀, àti ìbẹ̀rù pé ohun tí ènìyàn mọ̀ lè parun. Ìyìn ni ó ń tètè mú ènìyàn bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì ń tètè dá a dúró, nítorí pé ọjọ́ tí kò bá ti sí ẹni tí ó kí i kú iṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ. Àwọn ohun méjì yòókù ni ó ń mú ènìyàn pẹ́ nídìí rẹ̀.

Ní ti sísọ ẹrù ọkàn kalẹ̀, Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, tí ó di aṣáájú nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, kọ dáyárì fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àwọn ọdún 1920 lọ, ó sì kọ gbèsè, ìwé tí ó ń kà àti ìbànújẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tí kò rọrùn láti sọ lójú àwùjọ. Lónìí, ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni dáyárì náà wà, tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń kà á.

Ìbẹ̀rù ìparun ni ó mú Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn Yorùbá, nítorí ó rí i pé àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ń kú lọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù, Johnson sì kú ní 1901 láì fojú kàn án ní títẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, tí ìwé náà fi jáde ní 1921.

Nítorí náà, kí òǹkàwé yìí má ṣe ra ìwé tuntun mọ́. Ìwé tí ó fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà ni ìwé tí kò tíì pa tì rí. Kí ó yí i padà, kí ó máa kọ ìlà mẹ́ta láti ẹ̀yìn wá: iye tí wọ́n ta ọ̀pá áńkárá, wákàtí tí iná fi wà, àti ohun kan tí ó dùn ún tàbí tí ó mú inú rẹ̀ dùn. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún; ọjọ́ tí ó bá fò kì í ṣe gbèsè, kí ó kọ ti ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ti owó tí ọkọ rẹ̀ ń béèrè, kí ó ní sùúrù di àmọ́dún, kí ó wá ka ojú ewé kan sí i létí, ti ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì ti gbàgbé.