Àgbà Tó Ń Sùn Lọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ dé ọjà Mile 12 l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí tírélà Òkè Ọya ń já ẹrù tòmátì àti tàtàṣé, ẹ óò rí òwe náà lójúkojú. Ìyá àgbà kan jókòó sórí páálí, ó ń ṣa ẹ̀ṣà tòmátì, èyí tó ṣì le lọ́tọ̀, èyí tó ti rọ̀ lọ́tọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Orí ọmọ ò wọ́. Ṣùgbọ́n ọjà yẹn náà ni ilé wọn.

Ṣé kò lẹ́bí ni? Ó ní. Ẹlòmíràn nínú àwọn àgbà tó ń sùn lọ́jà, ìtọ́jú ẹbí gan-an ló lé e kúrò nílé: owó ilé ló fi ra oògùn fún ọkọ tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọkọ kú, lándílọ́ọ̀dù dé. Ẹlòmíràn, omi ni. Ní October 2010 tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, Ajégúnlẹ̀ àti Owódé Ẹlẹ́dẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú kún dé inú yàrá, ìjọba kó àwọn kan lọ sí àgọ́ ní Agbówà. Ọ̀dọ́ á tún dìde. Ta ni yóò bá ẹni àádọ́rin ọdún san owó ọdún kan, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni àgbà ti ń di aláìnílé. Ní Oakland, Amẹ́ríkà, olùwádìí Margot Kushel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé 350 àgbàlagbà aláìnílé ní 2013. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 44 ni kò di aláìnílé rí kí wọ́n tó pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí dùn, àmọ́ kò sọ ọmọ wo. Lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó sún mọ́ ìyá jù ni àwọn ọmọ yòókù ń di gbogbo ẹrù náà rù, títí òun náà á fi jẹ owó ilé tirẹ̀. Ẹ pín in. Kí ẹnì kan san ilé, kí ẹnì kan ra oògùn, kí ẹnì kan wá sùn tì í. Owó ilé ni kó ṣáájú, kí ẹ san án fún lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kí rìsíìtì sì wà ní orúkọ ìyá. Ìrẹsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò nílé, ibo ni yóò ti sè é? (Ẹbí tí kò rówó yàrá yìí kò ní ṣàì rówó aṣọ òkú.)

Bí onílé bá ń halẹ̀, ẹ má dúró kó ju ẹrù síta. Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 ka fífi ipá lé ayálégbé sí ẹ̀ṣẹ̀, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó sì ń la irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àgbà tó ti wà níta ńkọ́? Ẹ kọ nọ́ńbà ẹbí méjì sí ìwé, kó fi sínú ìlábùrù rẹ̀. Bí ìjọba bá kó o lọ sí ibùdó ìtọ́jú rẹ̀ ní Májídun, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á mọ ẹni tí wọ́n máa pè. Ẹ má kàn fà á lọ sí abúlé. Kétu, nítòsí Mile 12, ni kí ẹ wá yàrá sí, níbi tí àwọn oníbàárà ẹ̀ṣà rẹ̀ wà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á sì lè fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé.