Ẹ Jẹ́ Kí A Gbin Wọ̀rọ̀wọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, abẹ́ ìbòòji oko kòkó ni àwọn ìyá wa ti ń já wọ̀rọ̀wọ́. Ní Bódìjà àti Agbowó lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ewé rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe hóró rẹ̀ ni a ń gbìn, ìtàkùn rẹ̀ ni a ń gé rì sílẹ̀. Bí a kò bá gbà á lọ́wọ́ àwọn àgbà, ọwọ́ wa ni yóò ti parun.

Ẹ gé ìtàkùn olóríkèé mẹ́ta, ẹ rì í sílẹ̀ tútù níbi tí oòrùn kò ti mú jù, ẹ fún un ní igi tí yóò gùn. Ànábì (SAW) kọ́ wa pé sàárà ni ohun tí ènìyàn tàbí ẹyẹ bá jẹ nínú ọ̀gbìn Mùsùlùmí. Bó bá hù, ẹ gé fún aládùúgbò.